Gígun Picacho Peak ní Arizona: ẹ fi agbára pamọ́ fún àbọ̀

Lẹ́bàá òpópónà I-10 ní ìpínlẹ̀ Arizona, láàárín Phoenix àti Tucson, òkè kan dá dúró sójú aginjù tí awakọ̀ kankan kò lè kọjá láìbojú wò ó. Picacho Peak lorúkọ rẹ̀. Gíga rẹ̀ sí ojú òkun jẹ́ 3,374 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn nǹkan bí 1,028 mítà. Àwọn òkè tó ga jù ú lọ pọ̀ ní Arizona, ṣùgbọ́n èyí le ju bó ṣe rí lójú lọ, nítorí pé ọ̀nà tó lọ sí ṣóńṣó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán. Tí ẹ bá dé ibì kan, ọwọ́ yín á máa ṣiṣẹ́ tó ẹsẹ̀, wọ́n sì ti kan okùn irin mọ́ àpáta kí èèyàn lè rí nǹkan dì mú.

Ọ̀nà méjì ló lọ sókè. Hunter Trail gba ẹ̀gbẹ́ àríwá, ó jẹ́ máìlì 2 ní àlọ nìkan. Sunset Vista gba ìwọ̀ oòrùn, ó jẹ́ máìlì 3.1, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì rọrùn díẹ̀ ju ti Hunter lọ. Ẹ̀yìn òkè ni àwọn méjèèjì ti pàdé, okùn irin kan náà sì ni wọ́n jọ ń lò dé orí. Ọ̀nà Hunter ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà, òun náà la máa ṣàlàyé.

Kí ẹ tó ra bàtà, kí ẹ tó pọn omi, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ọ̀nà yìí. Ó máa gòkè láti nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà dé nǹkan bí 2,960, níbi tí òkè ti tẹ̀ láàárín tí atẹ́gùn ń gbà á kọjá. Àfo la máa pe ibẹ̀. Èèyàn máa rò pé ó kù díẹ̀ kóun dé, àfi bí ọ̀nà bá tún kọrí sísàlẹ̀: ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn òkè, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹ tó tún gbéra lọ sí ṣóńṣó. Ìtumọ̀ èyí ni pé nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ láti orí, tó ti rẹ̀ yín, tí omi ti dín, tí oòrùn ti mú, ẹ ṣì máa tún òkè gùn kí ẹ tó padà dé àfo. Ẹni tó bá ná gbogbo agbára rẹ̀ dé ṣóńṣó nítorí pé “ìsọ̀kalẹ̀ ló kù”, ẹ̀yìn òkè yẹn ló máa há sí. Gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ yìí, ojú àbọ̀ la fi ń wò ó.

Ìgbà wo ló dára?

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Ní ìgbà ooru ibẹ̀, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, ooru a máa ju 38°C lọ lọ́pọ̀ ọjọ́, àpáta á sì tún máa tú ooru tirẹ̀ sí yín lára. Ẹ má gùn ún nígbà náà, kódà tí ẹ bá jẹ́ ọ̀dọ́, kódà tí ẹ bá ń sáré ní gbogbo àárọ̀. Òjò oníjì tún máa ń rọ̀ lọ́sàn-án láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, òkè tó dá dúró tí okùn irin sì wà lára rẹ̀ kì í ṣe ibi tí mànàmáná yẹ kó bá èèyàn.

Ooru aginjù yìí kì í ṣe irú ooru Èkó. L’Ékòó, òógùn á rin aṣọ, ara á sì sọ fún èèyàn pé omi ń jáde. Níbí, afẹ́fẹ́ gbẹ bí ìgbà ọyẹ́, òógùn ti gbẹ kúrò lára kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ń làágùn. Aṣọ yín á gbẹ furu, ẹ ó sì rò pé ara yín le. Ẹ máa wo iyọ̀ funfun tó bá lẹ̀ mọ́ fìlà tàbí okùn báàgì yín. Òun ni ẹ̀rí òógùn tó ti lọ. Ẹ máa wo àwọ̀ ìtọ̀ yín náà. Tó bá ti pọ́n bí àgbo, omi ti dín lára yín.

Ọgbọ́n kan tún wà nínú ipò oòrùn. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ àríwá ni ọ̀nà Hunter wà, òjìji ni ẹ máa gbà gòkè ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù. Ó lè tutù débi tí ẹ ó fi wọ súẹ́tà. Òùngbẹ kì í gbẹ èèyàn nínú òtútù, nítorí náà ọ̀pọ̀ kì í mu omi títí wọ́n á fi dé àfo. Ẹ̀yìn òkè kọjú sí gúúsù, oòrùn gbangba ló wà níbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni ooru ti pọ̀ jù, ẹni tí kò mumi nínú òjìji ti jẹ gbèsè kó tó débẹ̀.

Ní oṣù kejìlá, oòrùn a máa là ní nǹkan bí aago 7:15, a sì wọ̀ ní nǹkan bí aago 5:20 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àlọ àti àbọ̀. Ẹ gbéra bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa. Tí ẹ bá gbéra ní aago 8 tí aago 11 lù tí ẹ kò tíì dé àfo, ẹ padà lọ́jọ́ náà. Ìrìn yín kò yá tó, ẹ̀yìn òkè ló sì máa ń gba àkókò jù. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ṣáájú, òdòdó poppy olómi ọsàn a máa bo ẹsẹ̀ òkè náà. Ó rẹwà púpọ̀, àmọ́ èrò á pọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí á tètè kún, ẹ ó sì máa tò sídìí okùn irin.

Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ fi sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn èèyàn ti dán àpáta yẹn ní ọ̀pọ̀ ibi, omi díẹ̀ ti tó láti sọ ọ́ di ibi yíyọ̀.

Ohun tí ẹ máa gbé

Omi: lítà 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ojú ọjọ́ bá tutù, lítà 4 tó bá ti ń sún mọ́ 27°C. Lítà kan wúwo tó kílò kan, ẹ má torí ìwúwo dín in kù. Kò sí omi kankan lójú ọ̀nà. Àpò omi onírọ́bà tó ní ọ̀pá ìfàmu ló dára jù, nítorí pé ọwọ́ yín á wà lófìfo nígbà tí ẹ bá ń mu. Ẹ má ki ìgò sí àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì: bí ẹ bá ti tẹ̀ síwájú lórí àpáta, ìgò á já bọ́ lé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lórí.

Omi nìkan kò tó. Ẹni tó bá ń láàgùn fún wákàtí mẹ́rin tó sì ń mu omi lásán láìjẹ nǹkan oníyọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí orí á máa fọ́ ọ, tí èébì á máa gbé e, tí ojú rẹ̀ á sì dà rú. Àwọn ará ẹgbẹ́ á rò pé òùngbẹ ló ń pa á, wọ́n á tún fún un lómi sí i. Ẹ̀pà oníyọ̀, kúlíkúlí tàbí ìpékeré dára. Ẹ fi ìyẹ̀fun ORS kan tàbí méjì sínú báàgì, irú èyí tí wọ́n máa ń fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru.

Ìbọ̀wọ́: èyí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ awọ, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ń lò, tó sì fún ọwọ́ mọ́ra. Ti òwú kò wúlò, ó máa ń yọ̀ lára irin. Ìdí méjì ni: oòrùn máa ń mú okùn irin gbóná, àwọn okùn náà sì ti gbó níbì kan, tí fọ́nrán irin wẹ́wẹ́ ti já tó sì yọ ẹnu síta. Fọ́nrán kan ṣoṣo tó bá gún yín ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó já okùn sílẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti já a.

Bàtà: kó bo ọmọ ìka, kí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ débi tó lè lẹ̀ mọ́ àpáta. Kí àyè ìbú àtàǹpàkò kan wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà ìsọ̀kalẹ̀, èékánná ẹsẹ̀ á máa kan iwájú bàtà títí á fi dúdú. Bàtà tuntun tí ẹ kò tíì wọ̀ rìn rí á bó yín lẹ́sẹ̀.

Akẹtẹ̀ dára fún ojú oòrùn, ṣùgbọ́n kó ní okùn tí ẹ lè so mọ́ àgbọ̀n, kí etí rẹ̀ má sì fẹ̀ jù tí ẹ kò fi ní rí òkè. Aṣọ alápá gígùn tó fẹ́lẹ́. Tọ́ọ̀ṣì orí, kódà tó bá jẹ́ àárọ̀ ni ẹ lọ. Òòyà oníke kan àti ìfagún irin. Ẹ máa rí ìwúlò wọn níwájú. Fóònù tí iná rẹ̀ kún. Tí ẹ bá ń lo ọ̀pá ìtilẹ̀, kó jẹ́ èyí tó ń ká, nítorí pé inú báàgì ló máa wà láti àfo dé orí.

Láti ilẹ̀ dé àfo

Barrett Loop, inú ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ náà, ni ọ̀nà Hunter ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba Exit 219 lórí I-10, ẹ sanwó ọkọ̀ lẹ́nu géètì, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n bá lẹ̀ sójú pátákó lọ́jọ́ náà nípa ọ̀nà tí wọ́n tì tàbí okùn tí wọ́n ń tún ṣe. Orúkọ méjèèjì yẹn wá láti inú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1862, àwọn ọmọ ogun ìhà méjèèjì dojú ìbọn kọ ara wọn nítòsí òkè yìí. Ọmọ ogun Union, ìyẹn ti ìjọba àpapọ̀, mẹ́ta ló kú, Lieutenant James Barrett sì wà lára wọn. Captain Sherod Hunter ló ń darí àwọn ọmọ ogun Confederate, ìyẹn ti ìhà gúúsù tó ya kúrò, tó wà ní Tucson nígbà náà.

Bí ẹ bá ti fi ibi ìgbọ́kọ̀sí sílẹ̀ ni ìgòkè ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láàárín saguaro, igi ẹlẹ́gùn-ún gíga ti aginjù, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ lójú rẹ̀. Ẹ máa rìn débi tí ẹ ṣì lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹ. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ mu ẹnu omi mẹ́rin, òùngbẹ ìbáà gbẹ yín tàbí kò gbẹ yín. Ẹ má gé ọ̀nà já níbi tó ti ń yí. Òkúta tí ẹ bá yí dànù níbẹ̀, orí àwọn tó wà ní ìyíkọ́rọ́ ìsàlẹ̀ ló ń lọ.

Láìpẹ́ ẹ máa dé ẹsẹ̀ àpáta gíga kan, ọ̀nà á sì gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Òjìji ibẹ̀ dùn, èèyàn á fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n òkúta máa ń já bọ́ láti òkè irú ibẹ̀ yẹn. Ẹ kọjá rẹ̀ kí ẹ tó sinmi. Ẹ máa rí okùn irin àkọ́kọ́ lágbègbè yìí, èyí tó wà fún ìfọwọ́bà lásán níbi tí ọ̀nà ti tín-ínrín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yín níbẹ̀, kí ọwọ́ ti mọ́ ọn lára kí iṣẹ́ tó dé.

Ní àfo, ẹ jókòó kí ẹ yẹ ara yín wò láìtan ara yín jẹ. Tí omi tó kù kò bá tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ padà. Tí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n tí ẹ bá dúró sórí ẹsẹ̀ kan, ẹ padà. Tí ìjì bá ń tì yín, tàbí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá ń sọ pé òun ń bẹ̀rù ibi gíga, kí ẹgbẹ́ padà tàbí kí ẹnì kan dúró tì í. Ẹ má fi ẹnì kan sílẹ̀ sí àfo lóun nìkan. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ibi tí ojú ti ń ríran jìnnà ni àfo fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò ṣáájú, Calloway Trail wà nínú ọgbà kan náà, máìlì 0.7 péré, kò sì sí okùn irin níbẹ̀.

Ẹ̀yìn òkè

Ohun tó máa kọ́kọ́ dojú kọ yín lẹ́yìn àfo ni ìsọ̀kalẹ̀ lórí àpáta, pẹ̀lú okùn irin tí wọ́n gba inú òpó irin kéékèèké. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣi nǹkan ṣe, nítorí pé bí a ṣe ń sọ àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́: ẹ̀yìn sí àpáta, ojú síta. Níbi tó bá ti dagun, ẹ yíjú sí àpáta. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú, ẹ tẹ̀dí sẹ́yìn díẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè tẹ àpáta dáadáa, kí ẹ sì máa wo ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ láàárín apá àti ìhà yín. Ẹni tó bá fara mọ́ àpáta pẹ́kípẹ́kí nítorí ìbẹ̀rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa yọ̀, torí pé ìka bàtà nìkan ló ń tẹ ilẹ̀.

Nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nídìí ohun tó dúró ṣinṣin nígbà gbogbo. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń rìn. Ẹ má fa ọwọ́ lórí okùn. Ẹ gbé e kúrò, ẹ gbé e kalẹ̀ níwájú, ẹ dì í mú, kí ẹ tó gbé èkejì. Tí ẹ bá dé ìdí òpó, ọwọ́ kan á ti kọjá òpó kó tó kan èkejì. Orí ẹsẹ̀ ni ìwúwo yín gbọ́dọ̀ wà. Okùn wà kí ẹ má baà ṣubú, kì í ṣe kó gbé yín. Apá tó bá ń gbé ara láti ìbẹ̀rẹ̀ á ti kú kí ẹ tó dé àárín, pajápajá á sì mú un.

Láàárín òpó méjì, ẹnì kan ṣoṣo. Okùn náà máa ń dẹ̀ díẹ̀, tí ẹnì kejì bá gbá a mú lójijì, á fà yín kúrò níbi tí ẹ dúró sí. Ẹ dúró de àwọn tó ń bọ̀ níbi tó bá fẹ̀, kí ẹ sì bára yín sọ̀rọ̀: “Ẹ máa bọ̀, mo dúró.” Tí òkúta bá já lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, “Rock!”, nítorí èdè tí gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa gbọ́ nìyẹn. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má wòkè. Ẹ fara mọ́ àpáta kí báàgì yín lè bo ẹ̀yìn ọrùn.

Ẹni tó ti gun òkè Ìdànrè, tó ti ka àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, mọ ohun tí ìgòkè ń ṣe sí orúnkún, ṣùgbọ́n kó má gbé ọkàn lé àpáta Picacho bó ṣe gbé e lé ti Ìdànrè. Àpáta Ìdànrè jẹ́ odindi kan tó le koránkorán. Iná abẹ́ ilẹ̀ tó ṣàn jáde tó sì gan láti àádọ́ta ọ̀kẹ́ ọdún lọ́nà ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló di Picacho. Ó ti sán, ó ti fọ́, apá kan rẹ̀ sì máa ń ṣí bí ẹ bá fà á. Níbi tí kò bá sí okùn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí ẹ fẹ́ dì mú. Tó bá dún bí ohun tó níhò nínú, tàbí tó mì, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó dára náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ẹ má fà á síta.

Lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀, ọ̀nà á gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ títí á fi pàdé Sunset Vista. Ẹ yíjú padà wo ojú ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì ya fọ́tò pátákó rẹ̀. Nígbà àbọ̀, ẹni tó ti rẹ̀ lè ṣèèṣì bá Sunset Vista lọ, kó sì bá ara rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn òkè, tó jìnnà gan-an sí ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà.

Láti ìkóríta yẹn ni ìgòkè tó dagun jù ti bẹ̀rẹ̀. Okùn wà lọ́tùn-ún àti lósì níbì kan, tí ẹ ó máa fà gòkè nínú kòtò àpáta tóóró. Ẹ di okùn àyà báàgì kó má máa yí sọ́tùn-ún sósì. Ẹsẹ̀ ni kó máa tì yín sókè. Ẹ wá ibi kéékèèké, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kàkà kí ẹ gbé orúnkún dé àyà. Ibì kan wà tí wọ́n tẹ́ pákó sí, tí wọ́n sì fi wáyà ṣọgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí ọ̀gbun. Ẹ máa tẹ̀lé ara yín níbẹ̀, ẹ má dúró ya fọ́tò lórí rẹ̀.

Ṣóńṣó náà tẹ́jú díẹ̀, èèyàn lè jókòó jẹun. Ẹ máa rí I-10, ojú irin rélùwéè, àwọn oko, àti Newman Peak ní òdìkejì ọ̀nà. Lórí ibí ni wọ́n gbé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ òfurufú sọ́nà sí láyé àtijọ́. Ẹ má sún mọ́ etí rẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ẹ jẹ nǹkan oníyọ̀, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì díwọ̀n omi: ó kéré tán, lítà kan àti ààbọ̀ gbọ́dọ̀ kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ kóra jọ kí ẹ pín èyí tó wà báyìí, kó má di pé ẹnì kan ṣoṣo ni omi tán lọ́wọ́ rẹ̀ níbi ìgòkè àfo.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹni tó lágbára jù ṣíwájú níbi okùn, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le wà láàárín, kí ẹni tó mọ̀nà ṣe ẹ̀yìn. Ìgòkè kúkúrú tó padà sí àfo ló máa ń dójú ti èèyàn. Ẹ rìn ín bí ẹni tí kò kánjú, ìgbésẹ̀ ogún, kí ẹ mí, ìgbésẹ̀ ogún.

Tí ooru bá mú èèyàn

Àmì àkọ́kọ́ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, pajápajá, àti àìfẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó máa ń dápàárá tó wá dákẹ́, ẹ bi í léèrè. Ẹ gbé e sí òjìji, ẹ tú bàtà àti okùn báàgì rẹ̀, ẹ da omi sí i lórí àti ọrùn, ẹ fẹ́ ẹ, kó sì máa mu omi ORS díẹ̀díẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá bọ̀ sípò, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, kò tún gòkè mọ́.

Tó bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí kò dá orúkọ rẹ̀ mọ̀, ìyẹn ti kọjá agbára yín: ara rẹ̀ ti gbóná ju ohun tí ọpọlọ lè gbà lọ. Ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sọ orúkọ ọ̀nà àti bóyá ẹ wà níwájú àfo tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fún un ní omi mu tí kò bá lè gbé e mì fúnra rẹ̀. Gbogbo omi tí ẹ lè yọ̀ǹda, ara rẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, abíyá, ọrùn àti ìtan, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ títí àwọn olùgbàlà á fi dé.

Ẹ̀gún, ejò, oyin

Cholla ni igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń dá àwọn èèyàn lóró jù. Ẹ̀ka rẹ̀ kéékèèké máa ń já lẹ̀ mọ́ ẹni tó bá fara kan án díẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ sì ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Ẹ má fi ọwọ́ fà á, ọwọ́ náà á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ki òòyà sáàárín ẹ̀ka náà àti ara, kí ẹ já a dànù lẹ́ẹ̀kan, síbi tí kò sí èèyàn. Ẹ̀gún tó bá kù, ẹ fi ìfagún yọ ọ́ ní tààrà.

Rattlesnake, irú paramọ́lẹ̀ kan, pọ̀ níta láti oṣù kẹta lọ. Lórí òkè tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ewu rẹ̀ ni pé ẹ lè ki ọwọ́ sórí pèpéle àpáta tí ojú yín kò tó. Ẹ gbé orí kí ẹ rí i kí ẹ tó gbé ọwọ́ débẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń mi ìrù, ẹ dúró, ẹ wá ibi tó wà, kí ẹ rọra fà sẹ́yìn. Tó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fa oró, ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ má fi yìnyín sí i. Ẹ bọ́ òrùka àti aago rẹ̀ kí ọwọ́ tó wú, kó jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ pe 911.

Tí oyin bá dìde, ẹ má gbá wọn. Ẹ bo ojú àti imú, kí ẹ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Tó bá jẹ́ orí okùn lẹ wà, bíbọ́ sílẹ̀ burú ju ìtajẹ lọ: ẹ di okùn mú, kí ẹ máa sọ̀ bó ṣe yẹ kí ẹ máa sọ̀.

Lójú ọ̀nà ilé

Ẹ tọ́jú lítà omi méjì àti aṣọ mìíràn sínú ọkọ̀ kí ẹ tó gòkè. Ẹ jókòó, ẹ mu, ẹ jẹun kí ẹ tó wa ọkọ̀, nítorí pé oorun máa ń kun ẹni tó bọ́ láti orí òkè. Agbègbè Picacho lórí I-10 sì jẹ́ ibi tí ìjì eruku ti máa ń ṣẹlẹ̀ lójijì, débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ eruku síbẹ̀, láti Eloy dé Picacho Peak. Tí eruku bá bo ojú ọ̀nà, ẹ yà kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, ẹ pa gbogbo iná ọkọ̀, títí kan èyí tó ń ṣẹ́jú, ẹ fa búrékì ọwọ́, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrékì ẹsẹ̀ kí iná ẹ̀yìn má baà tàn. Ìdí ni pé awakọ̀ tí kò ríran máa ń tẹ̀lé iná tó bá rí níwájú, á rò pé ọkọ̀ yẹn wà lójú ọ̀nà, á sì wá kọlù yín níbi tí ẹ dúró sí. Ẹ má tú bẹ́líìtì títí eruku á fi lọ.